Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ONÍLÉ: Nígbà tí Ẹnu Móńítọ̀ àti Ẹnu Kọ̀ǹpútà Kò Bá Bára Mu

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé yìí lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò tíì bá a pàdé. Ṣùgbọ́n ó ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, owó tí wọn ìbá fi ra ìwé fún ọmọ, ó sì ti mú kí a gbé ohun rere jù sí ẹ̀yìn ilé bí ẹni pé ó ti kú. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: ènìyàn ra kọ̀ǹpútà, ó sì ra móńítọ̀, ẹ̀rọ méjèèjì yè, iná sì wà, ṣùgbọ́n ẹnu okùn tí ó wá láti ara ọ̀kan kò wọ ihò tí ó wà lára èkejì. Ǹjẹ́ kí ni kí onítọ̀hún ṣe?

Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọn kò ní kí a gé ọwọ́ àgbà kéré, wọn kò sì ní kí a fọ́ akèrègbè. Ohun tí òwe náà fi kọ́ wa ni pé ẹni méjì tí kò dọ́gba lè jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ kan, bí a bá mọ ohun tí olúkúlùkù lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ni èyí jẹ́, pé kò kan ìlú wa. Láti ọdún 2015 ni ìgbìmọ̀ JAMB ti fi ìdánwò orí tákàdá sílẹ̀ pátápátá, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí ó bá ń wá ọ̀nà àtiwọ Yunifásítì ní ilẹ̀ wa, orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti dáhùn ìbéèrè. Ọmọ tí ó jókòó níwájú móńítọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ ìdánwò, ìdánwò méjì ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, òbí tí ó wá ọ̀nà láti ní kọ̀ǹpútà sí ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, ohun rere ni ó ṣe, kò sì yẹ kí àìmọ̀ nípa okùn kan ṣoṣo sọ akitiyan rẹ̀ di asán.

A ó kọ́kọ́ sọ ìdí tí àwọn ihò wọ̀nyí fi yàtọ̀ sí ara wọn. Ní ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà mú irú èyí tí a ń pè ní VGA jáde. Abẹ́rẹ́ 15 ni ó ní, ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, márùn-ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan; àwọ̀ búlúù ni a sábà máa ń fún un, ó sì ní síkúrù méjì ní ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń dè é kí ó má baà yọ. Ní ọdún 1999 ni DVI tẹ̀ lé e: funfun ni ẹnu tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ó sì tóbi jù VGA lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002 ni ilé-iṣẹ́ méje, tí Sony, Philips àti Toshiba wà lára wọn, fi ìlànà HDMI lélẹ̀, èyí tí ó ní abẹ́rẹ́ 19, tí ó sì ń gbé ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Òun náà ni ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí a ń pè ní VESA gbé DisplayPort jáde. Ẹni tí kò bá farabalẹ̀ yóò pè é ní HDMI, nítorí wọ́n jọra. Ṣùgbọ́n HDMI fẹjú lókè ó sì há nísàlẹ̀ ní ìhà méjèèjì, nígbà tí ó jẹ́ pé igun kan ṣoṣo ni a gé lára DisplayPort. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ní ọdún 2014, ni USB-C dé, ihò kékeré roboto tí kò ní òkè tí kò ní ilẹ̀, tí àwọn fóònù ìsinsìnyí pẹ̀lú ń lò.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ní oṣù kejìlá ọdún 2010 ni Intel, AMD, Dell, Lenovo, Samsung àti LG ti jùmọ̀ kéde pé wọ́n ń pète láti mú VGA kúrò nínú iṣẹ́ wọn, tí ọdún 2015 sì jẹ́ òpin ètò náà. Ṣùgbọ́n kíkéde ní òkè òkun kò wí pé ohun tí ó wà nílé wa yóò parẹ́. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kì í wá ní ọjọ́ orí kan náà. Móńítọ̀ tí a ṣe ní ọdún 2008 lè bá kọ̀ǹpútà tí a ṣe ní ọdún 2018 pàdé lórí tábìlì kan náà ní Ìkàrẹ́, bí bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ ti ń pàdé ní ìdí àwo kan. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ìgbà ni ó yàtọ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀ lọ, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n rò pé ẹnu ihò nìkan ni ó yàtọ̀, pé bí a bá ti rí ohun tí yóò mú ẹnu méjèèjì wọ ara wọn, iṣẹ́ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni ó ń yàtọ̀: ẹnu, àti èdè. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ méjì yìí kò ní ra òfo.

VGA ń fi àwòrán ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dùndún ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bí onílù bá ti ń fún awọ tí ó sì ń tú u, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára iná inú wáyà VGA ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ fún pupa, fún àwọ̀ ewé, àti fún búlúù, títí àwòrán yóò fi pé. Ṣùgbọ́n HDMI, DVI-D àti DisplayPort dà bí ẹni tí ó ń ka owó ẹyọ: ó wà, kò sí, ó wà, kò sí. Iye ni wọ́n ń kà ránṣẹ́, wọn kì í fi ohùn gòkè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ́tí sí ìlù kò lè fi etí náà ka owó. Ẹni tí ó ń ka owó kò sì mọ ohun tí ìlù ń wí. Àfi kí a rí ògbufọ̀.

Àwa ará Àkókó kò sì ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ògbufọ̀. Ní Ẹpinmi, Ẹhuẹun ni èdè tí a ń sọ nínú ilé. Bí a bá lọ sí Ìṣùà, èyí tí kò jìnnà sí wa, èdè tiwọn ni a ó bá lẹ́nu wọn. Bí a bá sì dé ọjà Ìkàrẹ́, Yorùbá ni a ó fi ná ọjà. Ẹ jẹ́ kí a wòye báyìí: bí ará Ìkàrẹ́ bá bá ará Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀, wọn kò nílò ògbufọ̀; ìyàtọ̀ ahọ́n lásán ni ó wà láàárín wọn, bí olúkúlùkù bá sì rọra sọ ọ́, wọn yóò gbọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí àgbà Ẹpinmi tí kò gbọ́ ju Ẹhuẹun lọ bá pàdé ará Ọ̀yọ́, bí ẹ tilẹ̀ so ọwọ́ wọn pọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọ̀rọ̀ kò ní yé wọn títí ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì yóò fi dé. Irú kọnfátà méjì tí ó wà lọ́jà nìyẹn: ọ̀kan ń so ẹnu pọ̀ lásán, èkejì ń túmọ̀ èdè.

Lọ́nà kínní, HDMI àti DVI. Ahọ́n ni ó yàtọ̀, èdè kan náà ni. Okùn tí ó ní ẹnu HDMI ní apá kan tí ó sì ní ẹnu DVI ní apá kejì yóò ṣiṣẹ́ láìsí ògbufọ̀, bí kọ̀ǹpútà ni ó ní HDMI tàbí bí móńítọ̀ ni ó ní in. Ṣùgbọ́n kí a má retí ohùn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, àwòrán nìkan ni yóò kọjá, a ó sì wá ohùn gba ibòmíràn.

Lọ́nà kejì, kọ̀ǹpútà tí ó ní DisplayPort àti móńítọ̀ tí ó ní HDMI. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ń wọlé bí tòkunbọ̀, irú ti Dell àti ti HP, DisplayPort ni wọ́n ní lẹ́yìn. Ẹ wo ẹ̀bá ihò náà: bí ẹ bá rí àmì D àti P tí a kọ pọ̀, tí àmì àròpọ̀ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà gbọ́ èdè HDMI pẹ̀lú, kọnfátà tí kò gbówó lórí yóò sì tó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: ọ̀nà kan ṣoṣo ni èyí ń gbà. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ní HDMI tí móńítọ̀ sì ní DisplayPort nìkan, okùn yẹn kan náà kò ní ṣe ohunkóhun; ògbufọ̀ tòótọ́ ni a ó rà, èyí tí ó sábà máa ń ní okùn USB kékeré tí ó fi ń gba iná. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, ẹ má ṣe wí pé, “Fún mi ní DisplayPort sí HDMI” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ èyí tí ó wà lára kọ̀ǹpútà àti èyí tí ó wà lára móńítọ̀, nítorí láti ara kọ̀ǹpútà ni àwòrán ti ń lọ sí ara móńítọ̀.

Lọ́nà kẹta, kọ̀ǹpútà tí ó ní HDMI àti móńítọ̀ tí ó ní VGA nìkan. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa, òun náà ni ó sì ń jẹ owó jù. Ẹni tí ń ka owó ni ó fẹ́ bá ẹni tí ń gbọ́ ìlù sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ di dandan. Okùn kan wà lọ́jà tí ó ní ẹnu HDMI níhìn-ín àti ẹnu VGA lọ́hùn-ún, tí kò sì sí nǹkankan nínú rẹ̀ ju wáyà lọ. Ẹni tí ó bá rà á, ẹnu ni ó rà, kò ra ògbufọ̀. Kí ẹ ra kọnfátà tí ó ní ẹ̀rọ ìtumọ̀ nínú, kí ẹ sì bẹ olùtà pé kí ó tàn án lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. VGA kì í gbé ohùn. Nítorí náà, bí kọnfátà náà bá ní ihò kékeré tí a lè ki okùn ohùn sí, ó dára jù. Nígbà mìíràn, iná tí ó ń ti ara HDMI wá kì í tó o. Bí àwòrán bá ń wá tí ó sì ń lọ, ẹ wò bóyá ihò iná wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi okùn USB fún un ní iná.

Lọ́nà kẹrin, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó ní VGA nìkan, tí a fẹ́ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí móńítọ̀ tí ó ní HDMI. Òdìkejì ti ìṣáájú ni èyí. Kọnfátà ti ìṣáájú kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ méjèèjì jọra. Ògbufọ̀ tí ń túmọ̀ Ẹhuẹun sí Yorùbá nìkan, tí kò lè túmọ̀ Yorùbá padà sí Ẹhuẹun, ìdajì iṣẹ́ ni ó lè ṣe. Èyí tí a ó rà ni kí a kọ sí ara rẹ̀ pé ó ń gba VGA wọlé, ó sì ń mú HDMI jáde.

Lọ́nà karùn-ún, DVI fúnra rẹ̀ kò jẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo ihò rẹ̀ dáradára. Ihò gígùn pẹlẹbẹ kan wà ní ẹ̀gbẹ́. Bí ihò kéékèèké mẹ́rin bá yí i ká, DVI-I ni, ó gbọ́ èdè méjèèjì, kọnfátà lásán sì tó láti so ó mọ́ VGA. Bí mẹ́rin yìí kò bá sí, DVI-D ni, èdè onírò owó nìkan ni ó gbọ́, ògbufọ̀ ni yóò sì wá ọ̀nà fún un dé VGA.

Lọ́nà kẹfà, USB-C. Kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ni ó ń gbé àwòrán jáde. Òmíràn kò mọ̀ ju iná àti ìwé inú ẹ̀rọ lọ. Bí ẹ bá rí àmì DP tàbí àmì mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrètí wà. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ wo ìwé tí ó sọ nípa ẹ̀rọ náà, tàbí kí ẹ dán an wò kí ẹ tó ra nǹkan.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé okùn tọ́, kọnfátà tọ́, síbẹ̀ ojú móńítọ̀ dúdú. Kí a má ṣe kánjú dá a lẹ́jọ́ ikú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ara móńítọ̀, kí ẹ yan ihò tí okùn wà, nítorí móńítọ̀ tí ó ń tẹ́tí sí VGA kò ní gbọ́ ẹni tí ń kan ìlẹ̀kùn HDMI. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Bí ihò àwòrán bá wà ní ibi méjì, ọ̀kan ní òkè lára pátákó rẹ̀ gan-an, tí èkejì sì wà nísàlẹ̀ lára káàdì tí a fi kún un, ti káàdì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ń lo Windows, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú kí ẹ sì tẹ P, kí ẹ yan kí àwòrán hàn ní ojú méjèèjì. Bí móńítọ̀ bá wí pé ohun tí a fi ránṣẹ́ ju agbára òun lọ, ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

A ń bẹ̀ yín pẹ̀lú, ẹ má ṣe fi agbára ki ẹnu okùn bọ ihò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Abẹ́rẹ́ VGA tinrin, bí ọ̀kan bá sì wọ́, àwọ̀ kan lè sọnù nínú àwòrán, tí gbogbo ojú ènìyàn yóò fi rí bí ẹni tí ó ní ibà pọ́njú. Ẹ pa ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó so wọ́n, kí ẹ sì mú síkúrù le níwọ̀nba.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí ó ń lọ rajà ni èyí. Kí ó tó jáde ní Ẹpinmi láti lọ sí Ìkàrẹ́, kí ó fi fóònù ya àwòrán ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀yìn móńítọ̀, kí ó sì gbé àwòrán náà han olùtà. Abèèrè kì í ṣìnà. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ju owó kọnfátà mìíràn lọ. Kí bàbá má sì ṣe ka ọmọ tí ó ní ìmọ̀ sí aláìlẹ́nu. Ọmọ tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, tí ó bá wá sílé ní ìsinmi, lè mọ ohun tí àgbà kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ọmọ náà sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kí ó wí pé, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n wò ó,” kí ó má ṣe fi ẹ̀rín ṣe é. Ẹ̀yin tí ń tajà pẹ̀lú, ẹ ṣe òtítọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé okùn kan kò ní ṣiṣẹ́ tí ó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ opó tí ó ń ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ rẹ̀, kò ta ọjà. Ó jalè pẹ̀lú ẹ̀rín ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo jù gbogbo èyí lọ. Ìwádìí tí a ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé tọ́ọ̀nù 60,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀rọ iná tí a ti lò rí ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé ní ọdún kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò di ìdọ̀tí ní ọjọ́ kan, ilẹ̀ wa ni yóò sì gbà á. Òjé wà nínú dígí móńítọ̀ àtijọ́ olórí ńlá. Èéfín wáyà tí a ń dáná sun nítorí bàbà inú rẹ̀ sì jẹ́ májèlé fún ọmọdé tí ń fa á símú. Móńítọ̀ tí a jù nù nítorí àìsí kọnfátà, a fi kún ẹrù yìí lásán ni. Èyí tí a sì tún rí ọ̀nà lò fún ọdún márùn-ún sí i, a dín in kù. Bí ẹ̀rọ bá kú ní tòótọ́, kí a má sun ún ní ẹ̀yìnkùlé, kí a má sì fún ọmọdé láti fọ́ ọ. Kí a fi fún alátùn-únṣe tí yóò yọ ohun tí ó wúlò nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ méjì tí kò gbọ́ ara wọn, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó náwó: ẹnu wo ni ti kọ̀ǹpútà, ẹnu wo ni ti móńítọ̀, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ tàbí èdè méjì? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́ta yìí ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, yóò padà láti ọjà pẹ̀lú ohun tí ó lọ rà, ọmọ rẹ̀ yóò sì jókòó sí ìdí ẹ̀kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.